Bí Ẹ Ṣe Lè Dín Owó Léètì Kù Tí Ẹ Bá Fẹ́ Ṣe Ẹ̀yà Ẹ̀rọ Kékeré

Òkun o, ẹ̀yin ará mi. Láti Kàbbà dé Ìyàrà, láti Mópà dé Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, ìbéèrè kan náà ni àwọn tó ní ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́, ẹ̀rọ ìlọta àti ẹ̀rọ ìpa-èkùrọ́ ń bi mí ṣáá: búṣì (òrùka tí ọ̀pá ẹ̀rọ ń yí nínú rẹ̀) tí kò ju àtàǹpàkò lọ yìí, kí ló dé tí iṣẹ́ rẹ̀ fi wọ́n tó báyìí? Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ó ṣe kí ẹ tó gbéra nílé, nítorí ilé ni owó náà ti ń dín kù. Ẹni tó bá dé iwájú léètì (ẹ̀rọ tó ń yí irin kí wọ́n lè gé e ní róbótó) láìmúra, ẹ̀bẹ̀ nìkan ló kù fún un, ìwọ̀nba sì ni ẹ̀bẹ̀ lè dín.

Ohun tí mo ń sọ níbí ni búṣì, ṣáàfù (ọ̀pá irin tó ń yí) kúkúrú, púlì (kẹ̀kẹ́ tí bẹ́líìtì ń gbà lórí rẹ̀), ìdúró bẹ́árìn (ibi tí bẹ́árìn, òrùka tó ń jẹ́ kí ṣáàfù yí geere, ń jókòó sí), àti bóòtù tí kò sí lọ́jà, láti ẹyọ kan títí dé bí ogún.

## Ibi tí owó ń gbà lọ

Irin fúnra rẹ̀ kì í sábà kó ìdajì owó ẹ̀yà kékeré. Àwọn ohun tó ń gba owó lọ nìyí:

- ìmúra ẹ̀rọ: wíwá irinṣẹ́ tó yẹ, dídè irin mọ́ ẹnu léètì, àti títọ́ ọ kó má baà máa yí ségesège;
- àkókò tí léètì fi ń gé, pẹ̀lú dísẹ́ẹ̀lì inú jẹnẹrétọ̀ nígbà tí kò bá sí iná;
- iye ìgbà tí wọ́n ní láti tú irin kúrò kí wọ́n tún un dè;
- wíwọ̀n àti àtúnwọ̀n níbi tí ẹ bá ní kó ti pé pérépéré;
- irinṣẹ́ ìgé tó kú nítorí pé irin le jù.

Ìmúra ẹ̀rọ ni kí ẹ kọ́kọ́ ronú sí. Ká ní ìmúra gba 60 ìṣẹ́jú, tí gígé ẹyọ kan sì gba 20. Ẹyọ kan péré á jẹ 80 ìṣẹ́jú. Bí ẹ bá ṣe mẹ́fà papọ̀, 180 ìṣẹ́jú ni gbogbo rẹ̀, ìyẹn 30 ìṣẹ́jú fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ṣe méjìlá, ó di 25. Láti ẹyọ kan sí mẹ́fà, àkókò ọ̀kọ̀ọ̀kan já wálẹ̀ gan-an. Láti mẹ́fà sí méjìlá, ìṣẹ́jú márùn-ún péré ló tún kúrò. Nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì yín débi tí ẹ ó fi ṣe àádọ́ta búṣì tí yóò máa dógùn-ún nínú agolo. Èyí tí ẹ máa lò láàárín ọdún kan sí méjì ti tó.

Tó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo lẹ nílò ńkọ́? Ẹ wá ẹni tó ní irú ẹ̀rọ yín. Láàárín ìlú kan náà, ọwọ́ wẹ́dà kan ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ ti ń jáde, ṣáàfù wọn sì sábà máa ń jẹ́ ìwọ̀n kan. Àwọn ìyá tó ń ṣe gààrí nínú ẹgbẹ́ kan lè dá owó jọ ṣe búṣì mẹ́fà, kí kálukú mú tirẹ̀. Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tó ń dín owó kù kíákíá tó èyí.

## Ṣé dandan ni kí wọ́n ṣe é?

Ẹ kọ́kọ́ lọ wò ó lọ́jà. Ohun tí ilé iṣẹ́ ti ṣe lọ́pọ̀ yanturu kò lè wọ́n tó èyí tí wọ́n ṣe ní ẹyọ kan fún yín.

Bẹ́árìn. Nọ́ńbà ara rẹ̀ ni kí ẹ kà. Bí nọ́ńbà méjì tó kẹ́yìn bá jẹ́ 04 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi márùn-ún sọ wọ́n di púpọ̀, ìyẹn ni ìbú ihò rẹ̀: 6204 jẹ́ 20 mm, 6205 jẹ́ 25 mm, 6206 jẹ́ 30 mm. Àwọn kéékèèké ni kò tẹ̀lé òfin yẹn: 6203 jẹ́ 17 mm, 6202 jẹ́ 15 mm. Ẹni tó bá mọ èyí á lè fi ìwọ̀n ṣáàfù rẹ̀ bá bẹ́árìn tó wà lọ́jà mu, kò ní máa ní kí wọ́n gbẹ́ ìdúró bẹ́árìn àkànṣe fún òun.

Bẹ́árìn tó ní ìdúró tirẹ̀. UCP205 wà fún ṣáàfù 25 mm, UCP206 sì wà fún 30 mm. Bóòtù méjì lẹ ó fi dè é mọ́ férémù, sìkúrúù kékeré ara rẹ̀ ló sì ń di ṣáàfù mú. Tí ẹ bá ra ṣáàfù dídán tó ti jẹ́ 25 mm láti ọ̀dọ̀ onírin, ó lè má kan léètì rárá. Fún ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́, mo fara mọ́ èyí ju ìdúró tí wọ́n fi léètì gbẹ́ lọ, nítorí pé bó bá bàjẹ́, ẹ lè rà á ní ọjọ́ kan náà.

Sìkúrúù ìfúngààrí. Sìkúrúù gígùn tó ní eyín onígun mẹ́rin wà lára iṣẹ́ tó wọ́n jù lórí léètì. Jáàkì ọkọ̀ tó lágbára, lábẹ́ férémù tí wẹ́dà ṣe dáadáa, á fún gààrí yín, ẹ ò sì ní san owó léètì kankan.

Púlì, kíì (irin kékeré tó ń so púlì mọ́ ṣáàfù), síìlì ọ́ìlì (òrùka tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò). Ẹ ra gbogbo wọn lọ́jà. Ẹ ra púlì tí wọ́n ti fi irin yíyọ́ dà, kí oníléètì kàn fẹ ihò àárín rẹ̀. Ẹ má ní kó gbẹ́ púlì láti ara irin dídì.

## Ìgbésẹ̀ láti ilé dé ọ̀dọ̀ oníléètì

### 1. Ẹ yọ ẹ̀yà náà, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ wá ohun tó pa á

Bí búṣì bá jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ju èkejì lọ, ó ṣeé ṣe kí ṣáàfù ti wọ́ tàbí kí bẹ́líìtì le jù. Búṣì tuntun á kú bẹ́ẹ̀ náà, owó léètì á sì di ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ yí ṣáàfù náà lọ́wọ́ kí ẹ wo bó ṣe ń jó. Ẹ wò ó bóyá gíríìsì ń dé ibẹ̀.

### 2. Ẹ wọ̀n ọ́ níbi tí kò tíì jẹ

Ẹ̀yà tó ti jẹ kò ní sọ òtítọ́ fún yín. Ẹ wá etí tí nǹkan kan kò fara kàn, ibẹ̀ ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́. Ẹ wọ̀n ohun tó ń wọ inú rẹ̀ àti ihò tí òun náà ń wọ̀ pẹ̀lú. Vernier caliper (irinṣẹ́ ìwọ̀n ẹlẹ́nu méjì) olówó pọ́ọ́kú dára ju téèpù lọ ní ọ̀nà jíjìn. Ẹ wọ̀n ibì kan náà lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìkìlọ̀ méjì tó ti da iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn rú:

- Ìǹṣì ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì àtijọ́. Ìǹṣì kan jẹ́ 25.4 mm. Bí ẹ bá rí 25.4 tí ẹ kọ 25, búṣì náà ò ní wọlé.
- Nọ́ńbà sípánà kọ́ ni ìwọ̀n bóòtù. Bóòtù tí gbogbo wa ń pè ní "13" sábà máa ń jẹ́ M8, ìyẹn 8 mm. "17" sábà ń jẹ́ M10, "19" ń jẹ́ M12, "10" ń jẹ́ M6. Tí ẹ bá sọ fún oníléètì pé ihò bóòtù 17, kó má lọ lu ihò 17 mm.

### 3. Ẹ yà á sínú ìwé

Kò pọn dandan kó lẹ́wà. Ẹ yà á láti iwájú, ẹ tún yà á láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ kọ ìwọ̀n sí gbogbo ẹ̀gbẹ́ ní mìlímítà. Orúkọ irin, iye ẹyọ, àti iṣẹ́ tí ẹ̀yà náà ń ṣe nínú ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Oníléètì tó mọ iṣẹ́ á rí ọ̀nà tó rọrùn tí ẹ̀yin ò rí, ṣùgbọ́n àyàfi tó bá mọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe.

Ẹ gbé sáńpù lọ pẹ̀lú ìwé náà, ẹ má gbé sáńpù nìkan lọ. Ẹni tó rí sáńpù nìkan á ṣe gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí i, títí kan ibi tó ti jẹ àti ibi tí kò wúlò, gbogbo ìyẹn lẹ ó sì sanwó fún.

### 4. Ẹ sàmì sí ibi tó gbọ́dọ̀ pé

Ẹ fara balẹ̀ ka ìgbésẹ̀ yìí, nítorí ibẹ̀ ni owó pọ̀ sí jù.

Nínú ẹ̀yà kan, ibi méjì tàbí mẹ́ta péré ló ń fara kan ẹ̀yà mìíràn. Ibẹ̀ ló nílò kí ìwọ̀n rẹ̀ pé. Ibi tó kù lè fi díẹ̀ sí i tàbí díẹ̀ kù láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wí fún oníléètì pé "ṣáà jẹ́ kó pé", á fi ìṣọ́ra ṣe gbogbo rẹ̀, á máa dá ẹ̀rọ dúró wọ̀n ọ́ ní ìgbà dé ìgbà, á sì gé díẹ̀díẹ̀.

Ẹ wo ṣáàfù tó gùn ní 400 mm tó fẹ́ gbé bẹ́árìn 6205 méjì. Fífẹ̀ bẹ́árìn kọ̀ọ̀kan jẹ́ 15 mm. Nítorí náà 15 mm lápá ọ̀tún àti 15 mm lápá òsì ló nílò ìṣọ́ra. 370 mm tó kù lè wà bó ṣe ti ọjà dé, tàbí kí wọ́n kàn gé e kọjá lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi bírò pupa yí ibi méjèèjì yẹn ká nínú àwòrán.

Fún àyè ìyàtọ̀ (bí ìwọ̀n ṣe lè yàtọ̀ tó láìba iṣẹ́ jẹ́), ohun tí mo máa ń kọ nìyí:

- ibi tí kò kan nǹkan kan: 0.5 mm sókè tàbí sísàlẹ̀;
- gígùn, etí, àti ibi ihò bóòtù lásán: 0.1 mm sí 0.2 mm;
- ibi bẹ́árìn lára ṣáàfù 25 mm: láti 25.002 mm sí 25.015 mm, kó lè le díẹ̀ nígbà tó bá ń wọlé;
- inú búṣì tí ṣáàfù 25 mm ń yí nínú rẹ̀ pẹ̀lú gíríìsì: 25.05 mm sí 25.1 mm.

Tí àwọn nọ́ńbà tó kéré báyìí bá ń dẹ́rù bà yín, ẹ gbé bẹ́árìn tuntun tàbí ṣáàfù náà dání, kí oníléètì máa dán an wò níbẹ̀. Ìyẹn ń gba ẹ̀yin àti òun lọ́wọ́ àríyànjiyàn.

Ẹ tún rántí pé búṣì tí ẹ bá tẹ̀ sínú ihò tó le á fún pọ̀ díẹ̀, inú rẹ̀ á sì kéré sí i. Ẹ béèrè bóyá kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ wọlé kí wọ́n tó gbẹ́ inú rẹ̀ parí. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún fífúnpọ̀ yẹn.

### 5. Ẹ yan irin tó yẹ iṣẹ́, kì í ṣe èyí tó le jù

Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé irin tó le jù ló dára jù. Irin tó le ń pẹ́ lórí léètì, ó ń jẹ irinṣẹ́, owó sì ń lọ sókè.

- Mild steel (irin tó wọ́pọ̀, tó rọrùn láti gé): òun ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Ó dára fún ìdúró, wáṣà nínípọn, ṣáàfù tí ẹrù rẹ̀ kò pọ̀, àti ohunkóhun tí wẹ́dà máa tún jó.
- EN8 (irú irin mìíràn): fún ṣáàfù tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì. Ó lágbára ju mild steel lọ, ṣùgbọ́n jíjó rẹ̀ gba ìṣọ́ra; bí wẹ́dà ò bá kọ́kọ́ yá a gbóná, ojú ibi tó jó lè là.
- Bíróńsì: fún búṣì tó ń yí lábẹ́ ẹrù. Ó wọ́n, nítorí náà ẹ ra èyí tí àárín rẹ̀ ti lu tẹ́lẹ̀ tí ẹ bá rí i.
- Irin káàsì (irin dídà): ó ṣeé gé dáadáa, ó sì dára fún púlì àti búṣì tí kì í yára yí. Bó bá já lulẹ̀, ó lè fọ́.
- Náílọ́ọ̀nù dídì: ó rọrùn láti gé, kò wọ́n, kò sì nílò gíríìsì púpọ̀. Kò fẹ́ ooru, ó sì ń wú díẹ̀ bó bá mu omi, nítorí náà ẹ fi àyè sílẹ̀ níbi tí omi ẹ̀gẹ́ ń dé.
- Sitẹ́ńlẹ́ẹ̀sì 304: kìkì ibi tí oúnjẹ ń fara kàn ni kí ẹ ná owó yìí sí. Gígé rẹ̀ le ju ti mild steel lọ.

Ìkìlọ̀ lórí pàǹtí irin: ẹsẹ̀ ọkọ̀ (ọ̀pá tó ń yí táyà) tó ti kú jẹ́ irin gidi, àwọn ènìyàn wa sì fẹ́ràn láti gbé e lọ fún oníléètì nítorí kò ná wọn ní nǹkan kan. Wọ́n ti mú ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ le nínú iná nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Fún ìdúró tàbí wáṣà tí mild steel lè ṣe, ohun tí ẹ rò pé ọ̀fẹ́ ni á di owó irinṣẹ́ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ṣáàfù tó ń gba ìyà lẹ fẹ́ ṣe, ẹ bi oníléètì bóyá á lè gé e.

Ìwọ̀n irin tí ẹ ó rà. Ẹ mú ìbú rẹ̀ ní mìlímítà, ẹ fi í sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ wá pín in sí 162. Ohun tó bá jáde ni kílò tí mítà kan irin róbótó wọ̀n. 40 mm jẹ́ nǹkan bíi 9.9 kílò, 50 mm sì jẹ́ 15.4 kílò. Bí búṣì yín bá máa jẹ́ 38 mm níta, tí ẹ ra 50 mm dípò 40 mm, yàtọ̀ sí owó irin, ohun tí léètì máa gé dànù láti ìta á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méje. Irin tó sún mọ́ ìwọ̀n tí ẹ fẹ́ jù lọ ni kí ẹ rà. Bó bá sì ṣeé ṣe, kí ẹ yí ìwọ̀n ìta búṣì padà kó bá irin tó wà lọ́jà mu.

### 6. Ẹ mú ìrísí rẹ̀ rọrùn

Ẹ wo àwòrán yín lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ máa bi ara yín lórí ilà kọ̀ọ̀kan pé: bí èyí ò bá sí, ṣé ẹ̀rọ náà kò ní ṣiṣẹ́?

Ìdè kan. Ẹ̀yà tí wọ́n lè ṣe tán láìtú u kúrò ní ẹnu léètì ló kéré jù lówó, ìta àti inú rẹ̀ á sì wà ní àárín kan náà. Bó bá ti di pé kí wọ́n yí i padà, àkókò títọ́ ọ tún bẹ̀rẹ̀.

Ihò. Ihò tó já sí òdìkejì rọrùn ju èyí tó dúró láàárín lọ. Kí jíjìn ihò má ju ìlọ́po mẹ́rin ìbú rẹ̀ lọ bí ẹ bá lè ṣe é: ihò 10 mm, jíjìn 40 mm. Bó bá ti kọjá ìyẹn, wọ́n á máa fa dírìlì jáde nígbà gbogbo láti kó èérún irin kúrò. Ẹ lo ìwọ̀n dírìlì tó wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Ihò 10 mm kò ní wàhálà, 10.3 mm lè jẹ́ kí wọ́n lọ wá irinṣẹ́ mìíràn.

Tírẹ́ẹ̀dì (ilà yíyí tí bóòtù ń wọ̀). Nínú irin, tírẹ́ẹ̀dì tó jìn tó ìlọ́po kan ààbọ̀ ìbú bóòtù ti tó: 12 mm fún M8, 15 mm fún M10. Èyí tó bá kọjá ìyẹn kò fi bẹ́ẹ̀ fi agbára kún un. Bí ẹ bá ní táàpù (irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń fa tírẹ́ẹ̀dì) nílé, ẹ ní kí wọ́n lu ihò nìkan, 6.8 mm fún M8 tàbí 8.5 mm fún M10, kí ẹ fi ọwọ́ fa tírẹ́ẹ̀dì náà fúnra yín.

Ojú kíì (kòtò tí kíì ń wọ̀). Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ní agbègbè wa ní léètì ṣùgbọ́n wọn ò ní ẹ̀rọ milling (ẹ̀rọ tí irinṣẹ́ rẹ̀ ń yí láti gbẹ́ kòtò sára irin), nítorí náà wọ́n á gbé iṣẹ́ yín lọ sí ibòmíràn, ẹ ó sì san owó ọ̀nà. Fún púlì kékeré tí ẹrù rẹ̀ fúyẹ́, sìkúrúù tó tẹ ojú pẹlẹbẹ lára ṣáàfù lè tó. Fún púlì ẹ́ńjìnnì, ẹ má gbójú lé sìkúrúù. Ẹ ṣe ojú kíì, kí ẹ lo ìwọ̀n tó wọ́pọ̀. Ṣáàfù tó ju 22 mm lọ títí dé 30 mm ń lo kíì tó fẹ̀ ní 8 mm tó sì ga ní 7 mm.

Igun inú. Irinṣẹ́ milling róbótó ni, kò lè fi igun mímú sílẹ̀ nínú kòtò. Ẹ jẹ́ kí igun náà yí díẹ̀.

Etí tó fẹ̀. Èyí ni àṣìṣe tó ń dùn mí jù nítorí owó tó ń gbé lọ. Ẹ̀yà kan fẹ̀ ní 120 mm ní etí, ọrùn rẹ̀ jẹ́ 40 mm, gígùn rẹ̀ 60 mm. Bí wọ́n bá gbẹ́ ẹ láti ara irin dídì 120 mm, kílò márùn-ún ó lé ni wọ́n máa gbé sórí léètì, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ á sì di èérún. Kí wẹ́dà gé irin pẹlẹbẹ tó nípọn ní 10 mm, kó jó o mọ́ irin róbótó 40 mm, kí oníléètì wá kàn tún ojú rẹ̀ ṣe. Gbogbo irin náà ò tó kílò méjì. Jíjó ni kó ṣáájú, léètì ni kó kẹ́yìn, nítorí ooru máa ń wọ́ irin.

Dídán. Ẹ má béèrè fún dídán níbi tí ojú kò dé. Kí wọ́n ṣáà pa etí mímú rẹ̀ kó má gé yín lọ́wọ́.

### 7. Ẹ béèrè owó bó ṣe yẹ

Ẹ má fi ọjọ́ tí ẹ̀rọ dúró ṣe ọjọ́ tí ẹ ń wá oníléètì. Ìkánjú ní owó tirẹ̀. Bí ẹ bá ní, "Nígbàkigbà tí ẹ bá tan jẹnẹrétọ̀ fún iṣẹ́ ńlá, ẹ bá mi fi tèmi sí i," owó dísẹ́ẹ̀lì tí ẹ máa rù á fúyẹ́.

Irú ọ̀rọ̀ tí ẹ lè fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp nìyí:

"Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìnáwó dísẹ́ẹ̀lì. Búṣì bíróńsì ni mo fẹ́ ṣe fún ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́. Àwòrán rẹ̀ nìyí. Ibi tí mo fi pupa yí ká nìkan ló gbọ́dọ̀ pé. Ẹ jọ̀ọ́ sà, èló ni ẹyọ kan, mẹ́ta, àti mẹ́fà? Èló ni ti irin, èló ni ti iṣẹ́? Kò sí ìkánjú, ọ̀sẹ̀ méjì dára fún mi. Bí ẹ bá rí ohun tí a lè yí padà kó lè rọrùn fún yín, ẹ sọ fún mi."

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì. Àgbà oníṣẹ́ tí ẹ bá bọ̀wọ̀ fún á sọ ohun tí ìwé ò sọ.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe ẹyọ kan, kí ẹ dán an wò lára ẹ̀rọ, kí wọ́n tó ṣe ìyókù. Bó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n má tíì tú ìmúra náà. Kí àdéhùn nípa ẹni tó máa ra irin mìíràn bí iṣẹ́ bá bàjẹ́ ti wà nílẹ̀ kí owó àsansílẹ̀ tó kúrò lọ́wọ́ yín.

## Ìlú wo ni kí ẹ gbé e lọ?

Búṣì, ṣáàfù àti púlì lásán, ẹ ṣe wọ́n nítòsí. Anfààní pé ẹ lè padà lọ dán an wò tó owó. Bí ó bá gba milling tàbí ìwọ̀n tó ṣòro, àwọn ará Kàbbà àti Ìjùmú sábà máa ń kọjú sí Lọ́kọ́ja tàbí Adó-Èkìtì, àwọn ará Ẹ̀gbẹ̀ àti Yàgbà sì súnmọ́ Òmù-Àrán àti Ìlọrin. Ẹ ṣírò owó ọkọ̀ tàbí wébíìlì lọ àti bọ̀ mọ́ ọn. Owó iṣẹ́ tó kéré ní òkèèrè lè di ńlá bí ẹ bá lọ lẹ́ẹ̀mejì.

CNC, ìyẹn ẹ̀rọ ìgérin tí kọ̀ǹpútà ń darí, dára fún ẹ̀yà tí ìrísí rẹ̀ díjú tàbí tí ẹ fẹ́ ogún tó jọra pérépéré. Fáìlì STEP (àwòrán ẹ̀yà tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà yà) àti àwòrán PDF ni wọ́n máa béèrè. Fún búṣì ẹyọ kan, ìmúra rẹ̀ á gbé owó yín lọ.

## Bó bá jẹ́ pé àtúnṣe ló yẹ

- Ihò ìdúró bẹ́árìn tó ti fẹ̀: kí wọ́n fẹ̀ ẹ́ sí i, kí wọ́n tẹ òrùka irin sínú rẹ̀, kí wọ́n gbẹ́ ẹ padà sí ìwọ̀n. Ẹ ò ní ra ìdúró tuntun.
- Ṣáàfù mild steel tó jẹ níbì kan: wẹ́dà lè jó irin lé e, kí léètì gé e padà. Ó dára fún èyí tí kì í yára yí. Kí wọ́n jó o káàkiri ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì kó má baà wọ́.

## Ibi tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ti dín owó

- Ẹ̀yà búréèkì, ìdarí ọkọ̀, àti ohunkóhun tó ń gbé ènìyàn sókè. Ẹ ra ojúlówó.
- Ṣáàfù ẹ̀rọ tó ń sáré gan-an, bíi ti ẹ̀rọ ìpa-èkùrọ́: ẹ má lo èyí tí wọ́n jó pọ̀ láàárín. Bó bá já, ẹni tó dúró tì í ló wà nínú ewu.
- Ibi tí oúnjẹ ń kàn: ẹ má lo idẹ tó ní òjé, ẹ má sì lo irin tí wọ́n kùn. Kíkan ni omi ẹ̀gẹ́, ó sì ń jẹ irin.
- Ìbòrí bẹ́líìtì. Ẹ má yọ ọ́ kúrò nínú owó iṣẹ́.

## Kí ẹ tó gbà á lọ́wọ́ oníléètì

- Ẹ wọ̀n ibi pupa gbogbo pẹ̀lú vernier yín, nígbà tí irin náà ti tutù.
- Ẹ ti bẹ́árìn tàbí ṣáàfù sí i níbẹ̀.
- Ẹ fi ìka kan etí rẹ̀ pẹ̀lú ìṣọ́ra, bóyá mímú ṣì wà.
- Ẹ ka iye rẹ̀, kí ẹ sì gba irin tó ṣẹ́ kù bó bá jẹ́ tiyín.
- Ẹ kọ ìwọ̀n tí wọ́n ṣe gan-an sára àwòrán, pẹ̀lú orúkọ irin àti ọjọ́, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sí fóònù.

Bó bá dé ilé tí kò wọlé, ẹ má gbé òòlù sí i. Ẹ wọ̀n méjèèjì, ẹ wá ibi tó ti fi sí i, kí ẹ gbé ẹ̀yà náà àti ohun tó yẹ kó wọ̀ padà lọ pọ̀. Èyí tó tóbi díẹ̀ lọ́wọ́ ìta, ìṣẹ́jú díẹ̀ lórí léètì á tún un ṣe. Èyí tí òòlù bá ti wú etí rẹ̀, irin tuntun lẹ ó tún rà.